Ọ̀rá tó wà lára abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà: kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni ìyá àgbàlagbà kan ní kí a jọ̀ọ́ dúró gbọ́ òun. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn fínra láti ọdún pípẹ́. Ọmọ ọmọ wọn ló ka nǹkan kan fún wọn lórí fóònù pé ọ̀rá wà lára abẹ́rẹ́ insulin detemir tí dókítà kọ fún wọn, ni màmá bá dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ti di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó bi wá pé: “Ààfáà, ọ̀rá ẹran wo ni? Ṣé kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀?”

Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n pe dókítà wọn lọ́jọ́ náà gan-an, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ìdáhùn ààfáà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ fún gbogbo ilé tí irú abẹ́rẹ́ yìí wà.

Ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ tó bà wọ́n ní ìdí. Nígbà tí Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlíìnì yọ ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1921, láti ara ẹran ni. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ní oṣù kìíní ọdún 1922. Fún bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tí aráyé ń lò. Ọdún 1982 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí bakitéríà ṣe, tó bá ti ènìyàn dọ́gba. Ti detemir, yíìsì ló ń ṣe é, irú yíìsì kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò.

Níbo wá ni ọ̀rá ti wọlé? Purotéènì ni ínsúlíìnì. Ẹ fojú inú wo tẹ̀sùbáà méjì tí wọ́n so pọ̀, ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ 21, èkejì ní 30. Ínsúlíìnì lásán kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n purotéènì mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń jẹ́ albumin, tó dà bí ọkọ̀ akérò. Ọ̀rá wà lára ẹrù tó máa ń gbé kiri. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì wá rò ó pé bí àwọn bá so ọ̀rá mọ́ ínsúlíìnì, òun náà yóò rí àyè jókòó nínú ọkọ̀ náà, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Rírò ó rọrùn ju ṣíṣe é lọ. Ojú ibi mẹ́ta ni ọ̀rá lè lẹ̀ mọ́ lára ínsúlíìnì: orí okùn méjèèjì, àti ìlẹ̀kẹ̀ 29 lórí okùn gígùn, èyí tó ń jẹ́ lysine. Bó bá lẹ̀ mọ́ orí okùn kúkúrú, agbára ínsúlíìnì yóò dínkù gidigidi. Wọ́n yọ ìlẹ̀kẹ̀ 30 kúrò, wọ́n sì mú kí omi tí wọ́n fi ń ṣe é le bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, lysine ló máa ń yára gba ọ̀rá ju àwọn yòókù lọ. Epo àti omi kì í sì í pò, ìyẹn ni wọ́n fi ń lú omi mọ́ àwọn nǹkan olómi mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á sẹ́ ẹ léraléra títí èyí tí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ níbi tí kò yẹ yóò fi kúrò.

Ọ̀rá ti detemir ní kábọ́nù 14. Ó wà nínú àgbọn àti nínú àdí. Èyí tó ní 16, palmitic acid, ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti fún un lórúkọ, ó sì pọ̀ nínú epo pupa tí a fi ń sebẹ̀. Òun ni wọ́n so mọ́ liraglutide, oògùn tí Lotte Bjerre Knudsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Denmark. Èyí kì í ṣe ínsúlíìnì. Ó fara jọ GLP-1 tí ìfun wa ń ṣe. GLP-1 ti ara wa, láàárín ìṣẹ́jú méjì péré ni ìdajì rẹ̀ ti lọ. Liraglutide ń lo bíi wákàtí 13. Semaglutide, tí ọ̀rá tirẹ̀ ní kábọ́nù 18, ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó yà wá lẹ́nu pé ìyàtọ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ di ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ara wa pàápàá ń so ọ̀rá mọ́ purotéènì. Ọ̀kan ni Ras, tó máa ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ bó bá bàjẹ́. Láìsí ọ̀rá lára rẹ̀, kò lè dúró síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bakitéríà tí wọ́n sábà fi ń ṣe purotéènì kì í so irú ọ̀rá yẹn, nítorí náà Herbert Waldmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dortmund, ní Jámánì, fọwọ́ ara wọn so ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Ọ̀rá yìí kan náà wà nínú igi àti nínú ẹran, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá ti yọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ ti mú tirẹ̀ wá, kí ó ní kí apòògùn bá òun kọ̀wé sí wọn, kí ó sì máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ bí ó ti ń retí èsì. Áyà 173 nínú Sūratul-Baqarah kò fi ẹni tí ìnira dé bá sílẹ̀. Ní ti ààwẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó jókòó ní Jeddah lọ́dún 1997 sọ pé abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ bóyá aláìsàn lè gbààwẹ̀, àti iye tí yóò máa gún, kí Ramadan tó wọlé.

Màmá gbọ́, wọ́n sì bi wá bóyá àwọn lè fi ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rọ́pò tiwọn. A ní rárá, kì í ṣe ínsúlíìnì, wọn kò gbọdọ̀ fi owó ara wọn rà á ṣe pàṣípààrọ̀. Ọmọ ọmọ wọn ti ń tẹ nọ́ńbà dókítà nígbà náà.