Èédú àbí Gílóòbù?

Ẹni tó bá kó òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan wọlé ní ìlú Ìjẹ̀dẹ́ létí ọ̀sà lásìkò òjò oṣù Kẹfà mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ẹ̀mí wọn wà. Ara wọn ò tíì lè dá ooru tirẹ̀ mú dúró. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35°C ni wọ́n nílò. Lẹ́yìn náà, èèyàn á máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò wọ́n. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà lóru kì í jẹ́ kí ilé adìyẹ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìkòkò èédú tàbí gílóòbù ni ọ̀pọ̀ olùsìn ń sá tọ̀.

Èédú kò fi ti NẸ́PÀ ṣe. Iná wà o, iná lọ o, ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á kó o sínú ìkòkò amọ̀ tàbí agbada irin, wọ́n á gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí èérún pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ má baà gbiná. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún èédú pé ó tó? Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé, ooru rẹ̀ lè pọ̀ jù. Nígbà tó bá di ọ̀gànjọ́ tí òtútù wá mú gan-an, ó ti ń di eérú. Ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí èédú bá ti pọ́n tán, tí kò rú èéfín mọ́, ewu ti lọ. Ewu ṣì wà níbẹ̀ digbí. Èédú pípọ́n ń tú carbon monoxide jáde, tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀, tó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá wá fi tapólì dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé nítorí òtútù, òun gan-an la há mọ́ àwọn ọmọ adìyẹ. Ó ń pa èèyàn náà: kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn má ṣe sùn sínú yàrá tí èédú wà, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó.

Gílóòbù kì í tú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá gbóná jù, a fà á sókè. Bí kò bá tó, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ ni mò ń wí o. LED tó gbòde báyìí ń tànmọ́lẹ̀ dáadáa, kò lè mú ilé móoru. Ẹ̀wọ̀n irin ni kí ẹ fi gbé e rọ̀, kì í ṣe wáyà rẹ̀, nítorí bó bá já lu èérún pákó, ilé á jó. Àléébù rẹ̀ ni pé iná lè lọ nígbàkígbà. Ó máa ń dùn mí: ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹgawáàtì, ti wà létí ọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀dẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1985, síbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń sùn sókùnkùn.

Tẹmómítà wúlò, bó bá wà níbi tí ẹ̀yìn adìyẹ dé. Àwọn ọmọ adìyẹ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣùjọ sábẹ́ iná, tí wọ́n ń gun ara wọn, tí wọ́n ń han, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá lọ sétí, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na apá sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká, tí òmíràn ń jẹun, tí òmíràn na ẹsẹ̀ sùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Àwọn ọmọ adìyẹ gbọ́dọ̀ ríbi sá sí bí ooru bá pọ̀ jù. Àwọn tó ń sin ọmọńlé onírù sísanra tí wọ́n ń kó láti Tógò àti Gánà lọ sókè òkun mọ èyí: ìkángun kan àpótí gíláàsì ni wọ́n ń mú gbóná, tó bí 32°C, wọ́n á jẹ́ kí ìkángun kejì tutù, wọ́n á sì so iná mọ́ tẹ́mósítáàtì tó ń pa á fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó. Ọmọńlé ara ògiri wa ń wá ibi tó bá a lára mu. Èyí tó wà nínú àpótí kò ríbi lọ. Tẹ́mósítáàtì yìí ṣeé so mọ́ gílóòbù ilé adìyẹ. Kò sí irú rẹ̀ fún èédú.

Nítorí náà gílóòbù ni mo fara mọ́, méjì kéékèèké dípò ńlá kan, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí èkejì bá jó. Kí èédú wà nítòsí fún alẹ́ tí iná bá lọ, kí wọ́n dá a níta títí á fi pọ́n, kí wọ́n sì ká tapólì sílẹ̀ lókè níhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá sì jẹ́ oṣù Kẹta ni, lọ́sàn-án gangan lábẹ́ òrùlé páànù, ẹ pa gbogbo rẹ̀.