Èémí Tó Ń Já: Ṣé Ọjọ́ Orí Nìkan Ni?

Ìyá kan tí ń yan gààrí tà wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìdànrè. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ogbó ti dé. Èémí mi ń já bí mo bá rìn dé ọjà.” Ẹni ọdún 45 ni.

Òótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀fóró a máa lágbára jù lọ láàrin ọdún 20 sí 25. Láti ìgbà náà, agbára rẹ̀ a máa dín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni 60 ọdún bá ń sinmi bí ó ti ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí èémí máa já lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tàbí kí ènìyàn máa wúkọ́ láràárọ̀, àìsàn ni.

Èéfín igi a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí sìgá ti í bà á jẹ́. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò náà ń fà á símú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má dàgbà tó bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, ẹ dáná ní gbangba, ẹ lo igi gbígbẹ, tàbí sítóòfù gáàsì bí agbára bá ká a. Ẹ má mu sìgá. Bí ikọ́ bá tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ wá kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù 6 ni a sì sábà máa ń lò ó.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìyá yìí mọ́. A rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn èémí rẹ̀. Èyí tí èéfín ti bàjẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n a lè dáàbò bo èyí tó kù. Ẹ má dúró títí bẹ́ẹ̀.