Kí Ló Ń Mú Kí Ògiri Ilé Bu Ní Ìlú Òtútù?

Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan tó ti lọ sí ìlú òyìnbó? Òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ráhùn lé lórí. Èmi fẹ́ sọ ti ògiri tó ń bu, torí ó ti pa ọmọdé.

Ẹ wo igo mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde. Kò pẹ́ tí omi á fi bò ó lára. Igo ò jò o. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló kan ohun tútù tó sì di omi. Bí ògiri ilé òtútù ṣe rí nìyẹn. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè, aṣọ tí wọ́n sá sínú yàrá, àní èémí wa pàápàá ń tú ọ̀rinrin jáde. Níbí ní Mọ́níyà, fèrèsé wa ṣí, okùn aṣọ wa sì wà níta. Àwọn ti fèrèsé pa kí ooru tí wọ́n sanwó rẹ̀ má baà jáde. Ọ̀rinrin ò wá ríbi gbà, ògiri á sì bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Ní Rochdale, ní England, ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní December 2020. Ìwádìí ikú rẹ̀ fi hàn ní 2022 pé ohun tó bu lára ògiri fúláàtì wọn ló ṣokùnfà á, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọlé dáadáa. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn! Inú bí mi gan-an.

Ẹ̀rọ kan wà fún un, tó ní fáànù méjì. Ọ̀kan ń lé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti dọ̀tí jáde, èkejì ń fa tuntun wọlé. Inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun pẹlẹbẹ tín-ín-rín sì wà láàárín wọn. Ṣé ẹ máa ń gbé kọ́ọ̀bù tíì gbígbóná sínú abọ́ omi tútù? Tíì á tutù, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, síbẹ̀ wọn ò dà pọ̀. Ẹ̀rọ tó dáa lè gba ju ìdá 75 nínú 100 ooru náà padà. Wọ́n lò ó nílé kan ní Darmstadt, ní Jámánì, tí èèyàn kó wọ̀ ní 1991.

Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ilé àwọn tó ń háyà kì í sì í sábà ní in. Tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kíṣìnì bí wọ́n bá ń sebẹ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà. Ooru tó wà lára ògiri ò ní tán láàárín ìṣẹ́jú 10, afẹ́fẹ́ tuntun náà á sì tètè gbóná.