Atẹ́gùn Kì í San Gbèsè Rẹ̀ Tán: Àlàyé Lórí Ìje Kẹ̀kẹ́ Àdágùn Nínú Òjò àti Ìjì

Bí ẹ bá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ sì máa ń tètè jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn rí: ẹnì kan lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, òmíràn á tún kọjá. Ọmọ yín á bi yín pé, “Ta ni wọ́n ń lé?” Aago ni wọ́n ń lé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìje yìí ní time trial. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pè é ní ìje àdágùn, nítorí pé oníkálukú ló ń dá kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gùn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ohun tí èèyàn dá ṣe ní àdáṣe. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára, ìje náà kò ṣòro láti lóye: ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù lọ ló gbégbá orókè. Àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀ tí ìjì sì ń jà, ẹni tó lágbára jù lè rẹ̀yìn, nítorí pé lọ́jọ́ náà, mímọ agbára pín ju níní agbára lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀, ká sì wo ohun tó yẹ kí òbí tàbí ọ̀rẹ́ tó dúró létí ọ̀nà mọ̀.

Ibi tí ìje náà ti ṣẹ̀ wá

Ní ọdún 1894, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ North Road Cycling Club ń díje lójú ọ̀nà tó lọ láti London sí apá àríwá. Ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ obìnrin kan ta gìrì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan sì ṣubú lu ara wọn. Obìnrin náà fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. F. T. Bidlake wà lára àwọn tó ń gùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di wàhálà, ó ronú ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n má ṣe tú gbogbo eléré sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, kí wọ́n máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aago sì ṣèdájọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1895, wọ́n ṣe irú ìje bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Máìlì 50 ni.

Ní ayé ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń fi ìje ọ̀hún pa mọ́. Ìdájí ni wọ́n ń gùn ún. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Wọn kì í dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn ṣì wà títí dòní. Máìlì 10, 25, 50 àti 100 ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti wákàtí 12 àti ti wákàtí 24, níbi tí wọ́n ti ń ka iye máìlì tí èèyàn lè gùn kí àkókò tó pé.

Òfin kan ló mú kí ìje yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èrò: ẹ kò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ẹlòmíràn kó máa bá yín gba atẹ́gùn. Bí ẹ bá lé ẹnì kan bá, ẹ kọjá lára rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Gbogbo atẹ́gùn tó bá wà lójú ọ̀nà, àyà yín ni yóò bá.

Ìṣirò atẹ́gùn

Ká ní ẹ fẹ́ gun máìlì 10, kí ẹ yí padà, kí ẹ sì gba ọ̀nà kan náà wálé. Bí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́, tí ẹ ń sá máìlì 25 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 48 ni ẹ máa lò fún àlọ àti àbọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, atẹ́gùn dìde. Nígbà àlọ, ó kọjú sí yín, ó sì dá eré yín padà sí máìlì 20 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 30 ni àlọ gbà. Nígbà àbọ̀, ó ń tì yín lẹ́yìn, eré yín sì di máìlì 30. Ìṣẹ́jú 20 ni àbọ̀ gbà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 50.

Máìlì 5 ló yọ, máìlì 5 náà ló dá padà, síbẹ̀ ó jẹ yín ní ìṣẹ́jú 2. Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú 30 gbáko ló fi ń gbà lọ́wọ́ yín, ìṣẹ́jú 20 péré ló sì fi san án. Ẹ gbé ìṣirò kan náà dé máìlì 100, gbèsè náà á di ìṣẹ́jú 10. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ pẹ́ kì í fi í gbọ́kàn lé e pé òun máa rí gbogbo rẹ̀ gbà padà nígbà àbọ̀.

Nǹkan méjì tún wà tó ń dá kún un. Àkọ́kọ́, bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń le sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ agbára ni yóò fi ti afẹ́fẹ́. Èkejì, afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Bí ooru ọjọ́ kan bá wà ní 30 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ti ọjọ́ kejì sì wà ní òdo, afẹ́fẹ́ ọjọ́ òtútù náà á fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ki ju ti ọjọ́ ooru lọ. Ẹsẹ̀ kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà, àmọ́ eré á dín kù.

Bí a ṣe ń pín agbára

Nítorí pé ibi tí atẹ́gùn ti kọjú sí yín lẹ ó pẹ́ sí jù, ibẹ̀ ni agbára ti níye lórí jù. Ẹ fi díẹ̀ kún agbára yín níbẹ̀, kí ẹ sì dín in kù díẹ̀ nígbà tó bá ń tì yín lẹ́yìn. Díẹ̀ ni mo wí o. Ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á rí i pé eré ti lọ sílẹ̀, ojú á kán wọn, wọ́n á sì ná gbogbo ohun tó wà lára wọn kí wọ́n tó dé ibi ìyípadà. Nígbà tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kò sí mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ eléré kì í wo iye máìlì tí wọ́n ń sá lọ́jọ́ ìjì. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan lára kẹ̀kẹ́ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ ní wáàtì. Òun ni wọ́n ń wò. Ẹni tí kò ní i á fetí sí èémí ara rẹ̀. Atẹ́gùn lè purọ́ fún yín nípa eré yín, àmọ́ kò lè purọ́ nípa èémí yín.

Ẹ tún kíyè sí atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ìje sábà máa ń wà lórí ríìmù tí wọ́n bò pa bí àwo, kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ síwájú lọ́jọ́ ìjì, ẹ̀fúùfù ni yóò máa darí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún yín.

Nígbà tí òjò bá dé

Ẹ ṣàkíyèsí bí èdè wa ṣe sọ ọ́. A kì í sọ pé ara mi tutù nítorí òjò nìkan; a máa ń sọ pé “òjò pa mí,” “òtútù ń mú mi.” Òjò àti òtútù ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn ni wọ́n ń ṣe é fún. Oníkẹ̀kẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n ń ṣe ìje àdágùn ti àgbáyé ní Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò rọ̀ débi pé omi dá adágún sójú títì. Nínú ìje àwọn ọ̀dọ́kùnrin, àwọn eléré ṣubú sínú omi, bẹ́ẹ̀ eléré tó mọṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní láti sún ìbẹ̀rẹ̀ ìje àwọn obìnrin síwájú. Nígbà tí wọ́n gùn ún tán, Chloe Dygert ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 22, ló borí, ó sì fi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ lójú ọ̀nà tó jẹ́ bíi kìlómítà 30.

Nínú òjò, ọ̀dà funfun ojú títì àti ìdérí irin ojú gọ́tà máa ń yọ̀. Ẹ má ṣe tẹ búréèkì lórí wọn, ẹ má sì yà lórí wọn. Ẹ má wọ inú omi tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jìn afẹ́fẹ́ inú táyà díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ẹ fi ṣe sùúrù níbi kọ́nà kò tó ohun tí ìṣubú kan máa gbà lọ́wọ́ yín.

Wákàtí 12 lórí kẹ̀kẹ́

Yorkshire yìí kan náà ni Beryl Burton ti wá. Wọ́n bí i ní Leeds ní ọdún 1937, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní oko ní Morley, níbi tí wọ́n ti ń gbin rhubarb, ewébẹ̀ kan tí igi ewé rẹ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1967, nínú ìje wákàtí 12, ó lé Mike McNamara bá, ọkùnrin tí òun náà ń lọ gba ipò àkọ́kọ́ nínú ìtàn àwọn ọkùnrin lọ́jọ́ yẹn. Bí Burton ṣe ń kọjá lára rẹ̀, ó na súìtì kan sí i. Máìlì 277.25 ni obìnrin náà gùn. Ti ọkùnrin náà jẹ́ 276.52. Ó pé 50 ọdún, ní 2017, kí obìnrin mìíràn, Alice Lethbridge, tó kọjá ibẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ju máìlì 23 lọ díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè sá eré yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí èèyàn gbé e fún wákàtí 12 ni iṣẹ́. Láàárín wákàtí 12, kùrukùru lè ṣú láàárọ̀, kí oòrùn mú lọ́sàn-án, kí òjò dé nírọ̀lẹ́. Nínú ti wákàtí 24, níbi tí Andy Wilkinson ti gùn ju máìlì 540 lọ ní ọdún 2011, òtútù òru tún wà ńbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹun kí ebi tó pa yín, ẹ wọṣọ kí òtútù tó mú yín. Bí ẹ bá sì parí, ẹ fi iye yín wé ti àwọn tó gùn lọ́jọ́ náà, ẹ má fi wé ti èṣí.

Ìgbà tó yẹ kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀

Bí ọmọ yín bá ń gbọ̀n, òtútù ti ń mú un nìyẹn, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì ń jà. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni kí ó dákẹ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di búréèkì mú, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí kí ó máa sọ ohun tí kò bára mu. Ẹ bi í ní ohun tó mọ̀ dáadáa: orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ohun tó jẹ láàárọ̀. Ẹ má ní kó ka nọ́ńbà Yorùbá láti ogún padà sẹ́yìn o. Ọ̀pọ̀ wà tí kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ara wọn yá.

Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá já gaara, ìje ti parí. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi èyí tó gbẹ wé e títí kan orí rẹ̀, ẹ fún un ní ohun gbígbóná tó dùn bí ojú rẹ̀ bá dá tó sì lè gbé e mì. Ẹ má fi ọwọ́ ra á lára. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ pe 999 bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí 911 bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ìje mìíràn á wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

Afẹ́fẹ́: ohun tí a ń mí sínú, a tún lè fi pe èyí tó ń fẹ́.
Atẹ́gùn: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa lára.
Ẹ̀fúùfù: atẹ́gùn tó le, tó ń mi igi.
Ìjì: ẹ̀fúùfù líle tó lè wó nǹkan, tí òjò sábà máa ń bá rìn.
Kùrukùru: ohun funfun bí èéfín tó ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀.
Ìṣẹ́jú àáyá: ọgọ́ta rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú kan.
Sọ̀ kalẹ̀: kí èèyàn kúrò lórí ohun tó gùn. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ọmọ: “Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi, o ti gbìyànjú.”