Ìkòkò Kọfí Orí Iná: Kí Ló Ń Mú Un Korò?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìkòkò kọfí kékeré tó rí bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, Ítálì ló ti wá. Alfonso Bialetti ló gbé e jáde níbẹ̀ ní 1933. A gbọ́ pé àwọn kan tó fi owó gidi rà á ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kọfí rẹ̀ korò bí ewúro. Ìkòkò kọ́ ló jẹ̀bi, iná ni.

Omi wà nísàlẹ̀, kọfí wà nínú asẹ́ láàárín, òkè ṣófo. Bí omi bá gbóná, ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó wá ń ti omi gba inú kọfí lọ sókè. Bí omi bá fẹ́ẹ̀ tán, ooru líle ló kù tó ń gba ibẹ̀ kọjá, òun ló ń fa ìkorò jáde.

Nítorí náà, omi gbígbóná ni kí ẹ dà sí i, kó má baà pẹ́ lórí iná. Kó má kọjá ìdí fáàfù, ìyẹn kóró kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fáàfù yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o! Bí asẹ́ bá dí, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Bí òun náà bá dí, ìkòkò lè bẹ́, kó sì jó èèyàn. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bu kọfí kún asẹ́, kó dọ́gba, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ di ìkòkò mú, kí ẹ lọ́ ọ pa dáadáa. Iná kékeré ni o. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ máa wò ó: bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣí bí oyin, tó sì ń ṣe “fùú, fùú”, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá.

Kọfí inú agolo tó ń yọ́ nínú omi kò wúlò fún un. Kọfí lílọ̀ ni, kó rí bí iyọ̀ wẹ́wẹ́. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, asẹ́ yóò dí. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata, àfi tí ẹ bá fẹ́ mu kọfí aláta. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, kọfí tí a ti lọ̀ kì í pẹ́ sọ òórùn dídùn rẹ̀ nù, ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń gbìn ín ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Robusta ni, ó lágbára, ó sì máa ń korò ju arabica lọ, kò fẹ́ iná ńlá rárá.

Bí ẹ bá ń ra ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí “ife 6” tàn yín jẹ: ife kéékèèké ni, bíi mílílítà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì béèrè rọ́bà àárín rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ó máa ń gbó, omi á wá máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́.