Ọkọ̀ Ń Kígbe, Dẹ́rẹ́bà Kò Gbọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin tíṣà wa, bóyá ẹ ti wọ ọkọ̀ rí tí tiráfíkétọ̀ rẹ̀ ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tí ó yára ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà kì í kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kígbe: nínú ọkọ̀ púpọ̀, àmì pé gílóòbù kan ti kú, níwájú tàbí lẹ́yìn, ni.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà sí òsì yóò dábùú àwọn tí ń bọ̀ níwájú. Ọwọ́ òsì yìí kan náà ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ń gbà ya ọkọ̀ sílẹ̀. Bí iná òsì kò bá tàn, báwo ni ọlọ́kadà tí ó gbé ọmọ ilé-ìwé sẹ́yìn yóò ṣe mọ̀?

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ tan iná náà, kí ẹnì kan sì sọ̀kalẹ̀ wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Bí kò bá tàn, ẹ pe rẹ́wáyà: ó lè jẹ́ gílóòbù, ó lè jẹ́ fíùsì, tàbí kí wáyà ti dípẹtà. Kí a tó tún un ṣe, kí dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ òsì síta gbọọrọ kí ó tó yà sí òsì. Ṣùgbọ́n lóru, ọwọ́ kì í hàn.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ má dákẹ́. Owó gílóòbù kò tó owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí ó kán. Ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.