Iṣẹ́ Ọnà Tí Í Dá Òǹwòran Lóhùn

Ẹ̀bá títì tí ó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni Ẹ́stéètì Jákàńdè ti Ìlasan wà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ni ó ń jẹ́, ẹni tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 1979 títí di 1983, tí ó sì kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri fún àwọn mẹ̀kúnnù. Bí ìyá àgbà kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS san owó ni yóò lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà yóò fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá kò bá mọ ìwé, yóò sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún bá a tẹ̀ ẹ́. Owó jẹ́ tirẹ̀, káàdì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àṣírí ti di ti ẹni méjì. Ìyá kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni kò ro ti irú wọn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Irú ọ̀ràn báyìí ni ẹ̀kọ́ kan ń wádìí ní àwọn yunifásítì ayé, èyí tí í ṣe ìmọ̀ nípa àjọṣe ènìyàn àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá yan ẹ̀kọ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ti í bẹ̀rẹ̀. Yóò kíyè sí bí ọwọ́ ti ń lọ, ibi tí ojú ń wò, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, kí ó tó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ọmọ ìyá ẹ̀kọ́ yìí ni iṣẹ́ ọnà tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí í dá òǹwòran lóhùn. Àwòrán ara ògiri kì í yí padà nítorí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà yìí dà bí ohun tí ó ní ojú àti etí: bí òǹwòran bá gbé ẹsẹ̀, àwòrán lè yí, bí ó bá sọ̀rọ̀, iná lè tàn. Bí kò bá sí òǹwòran, iṣẹ́ náà kò tí ì pé.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1969, Myron Krueger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ṣe Glowflow, èyí tí í ṣe yàrá kan tí iná àti ìró inú rẹ̀ ń dáhùn sí ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Krueger ṣe Videoplace. Kámẹ́rà yóò rí ènìyàn, òjìji rẹ̀ yóò hàn lójú ògiri, ẹ̀dá kékeré kan tí kọ̀ǹpútà yà yóò sì máa gun apá òjìji náà.

Bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ jẹ́ àjèjì, ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹsẹ̀ oníjó ni onílù dùndún ń wò bí ó ti ń lu ìlù rẹ̀. Bí oníjó bá yí ìdí, ìlù yóò yí ohùn. Bí ìlù bá pe oríkì, orí oníjó yóò wú, ijó rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé onílù nìkan ni ó ni eré náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tọ ọ̀nà yìí ni Ayodamola Okunseinde. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Rutgers, ó gba oyè Master ní Parsons ní New York, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Òun àti Salome Asega ni wọ́n dá Iyapo Repository sílẹ̀. Wọn a pe àwọn ènìyàn jọ láti ya àwòrán ohun èlò tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lè máa lò lọ́jọ́ iwájú, wọn a sì sọ díẹ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí di ohun gidi tí ọwọ́ lè dì mú.

Ọ̀ràn náà ju eré ọwọ́ lọ. Joy Buolamwini, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà tí ó ń ṣe dígí kan tí yóò gbé àwòrán mìíràn lé ojú ẹni tí ó bá wò ó. Ẹ̀rọ náà kò rí ojú rẹ̀, àfi ìgbà tí ó fi ìbòjú funfun bojú. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tí kò rí ojú ènìyàn, báwo ni yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀? Ní 2018, òun àti Timnit Gebru tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ètò mẹ́ta tí í wo ojú láti mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Èyí tí ó burú jùlọ nínú wọn ṣi 34.7 mọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí àwọ̀ wọn dúdú. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ọkùnrin tí àwọ̀ wọn funfun, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí ojú ti rí ni ohùn náà rí. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ àmì ohùn kò lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Nítorí náà ni iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá fi ṣe iyebíye, ẹni tí ó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì ti ṣe làálàá kí kọ̀ǹpútà lè kọ èdè Yorùbá, kí ó sì lè sọ ọ́.

Nítorí náà, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn àwòrán àti fóònù má ṣe yára sọ pé ọmọ náà ti fi eré ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá rí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ gbà, ó lè di olùkọ́ tí yóò kọ́ ẹ̀rọ ní ìwà ọmọlúwàbí. Ọmọ tí a tọ́ ní Jákàńdè mọ bí ìyá àgbà ti í dúró níwájú ẹ̀rọ POS. Bí irú rẹ̀ bá ṣe ẹ̀rọ tí yóò fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀, tí yóò sì fi sùúrù dúró de èsì, ìyá yóò fi ìka ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀, àṣírí rẹ̀ yóò sì wà ní inú rẹ̀.